Bí Mo-Ti-Sọ-Ọ́ Ṣe Di Adájọ́ Lójú

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkùnrin yìí dá kò fara sin, kò sì yẹ kí a máa yí i po. Ó pàṣẹ pé kí olùsáré máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló borí, kí adájọ́ sì máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ó jókòó, kí ó fara balẹ̀, kí ó gbọ́ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ.

Adelé Ọ̀gá Àgbà ni ọkùnrin náà ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe eré orí fóònù. Ọ̀rọ̀ "adelé" yẹn máa ń gún un bí òkúta inú bàtà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é bẹ́ẹ̀, yóò wúkọ́, yóò sì tẹjú mọ́ àjà títí onítọ̀hún yóò fi tún un pè. Bí ó bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, yálà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni o, tàbí ó ń sọ pé kí wọ́n dín ṣúgà tíì òun kù, ohun tí yóò fi kádìí rẹ̀ ni, "Mo ti sọ ọ́." Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Mo-Ti-Sọ-Ọ́. Òun náà gbọ́ orúkọ náà, inú rẹ̀ sì dùn. Ó rò pé oríkì ni.

Mo-Ti-Sọ-Ọ́ kì í dúró de lífítì. Lífítì ló ń dúró dè é. Láti ìgbà tó bá ti kúrò nílé ni ẹnìkan yóò ti fi ẹsẹ̀ há ilẹ̀kùn lífítì náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù yóò máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè pátápátá, tí wọn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní kí wọ́n fi pákó sábẹ́ àga òun ní yàrá ìpàdé kí òun lè máa rí àtàrí gbogbo ènìyàn. Wọ́n fi pákó sí i, wọ́n tún fi òmíràn lé e, títí ẹsẹ̀ Ọ̀gá kò fi kanlẹ̀ mọ́, tó ń mì dirodiro bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àga onígbàjámọ̀. Ó tún ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tó ń dán bo gbogbo ògiri ọ́fíìsì òun, kí ohùn òun lè máa dún padà sí òun létí. Ẹ rántí irin yìí o. Irin yìí ló bí gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù, tàbí kí n sọ pé ẹni tó mọ bí a ti í ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn, ni Ọ̀gá Ìkéde. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti máa polówó eré fún aráyé, ṣùgbọ́n ìyìn Mo-Ti-Sọ-Ọ́ ló ń kà sí Mo-Ti-Sọ-Ọ́ létí látàárọ̀ dalẹ́. Bí Ọ̀gá bá sín, yóò ní, "Ọ̀gá, irú sísín tó ní láákàyè báyìí, n ò gbọ́ ọ rí."

Eré tó sọ ilé iṣẹ́ náà di olókìkí ń jẹ́ Ẹsẹ̀-Ò-Gbélẹ̀. Eré ìje ni. Ẹni tó wà nílé tirẹ̀ àti ẹni tó wà lókè òkun lè jọ sáré lórí fóònù lójú pópó kan náà. Wọn á fo gọ́tà, wọn á gun àtẹ̀gùn, wọn á yẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù, wọn á já okùn ìparí. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Fóònù olùsáré kì í sọ ibi tí olówó rẹ̀ dé. Ohun tí ìka rẹ̀ tẹ̀ nìkan ló máa ń ròyìn: ó ní òun fẹ́ sáré, ó ní òun fẹ́ fò. Ẹ̀rọ ńlá kan tó wà ní ilé iṣẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Adájọ́, ló máa ń ṣírò rẹ̀ bóyá ẹni náà fò ó kọjá ni tàbí ó já sí gọ́tà. Ohun tí Adájọ́ bá sọ labẹ gé. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà, kò sì mọ ọ̀gá.

Àìmọ ọ̀gá yìí ni wàhálà.

Ní ọjọ́ kan, Alága ìgbìmọ̀ tó ni ilé iṣẹ́ náà mú àwọn àlejò wá wo ibẹ̀. Alága yìí jẹ́ obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ti sọ fún Mo-Ti-Sọ-Ọ́ pé bí ìdíje àṣekágbá ọdún náà bá lọ dáadáa, àwọn yóò yọ "adelé" kúrò lára orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bí kò bá sì lọ dáadáa, ọkùnrin náà alára ni àwọn yóò yọ. Ọ̀rọ̀ àga yìí ló ń bá ọkùnrin náà sùn, òun ló ń bá a jí. Nítorí náà, nígbà tó rí Alága nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó yọ fóònù, ó ní òun yóò sá eré kan kí àwọn àlejò fi ojú rí bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é.

Lójú fóònù rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ já okùn. Ó na ọwọ́ sókè. Ọ̀gá Ìkéde tó ti ń pàtẹ́wọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ tún fi kún un. Àfi bí èsì ṣe jáde: Mo-Ti-Sọ-Ọ́ wà ní ipò kẹrin. Ẹni tó wà ní ipò kìíní ni olùsáré kan tí orúkọ rẹ̀ nínú eré ń jẹ́ Orúnkún-Ń-Ro-Mí.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pọ̀, kò ju ti ẹni tí ata sá sí nímú, ṣùgbọ́n irin ara ògiri gbà á, ó dá a padà, ó tún un rín. Ohun tó dun Mo-Ti-Sọ-Ọ́ jù ni pé ó mọ Orúnkún-Ń-Ro-Mí dáadáa. Ìyá rẹ̀ ni. Màmá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn rán aṣọ, orúnkún wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́, wọ́n wá ń gun ún lórí fóònù.

Kí àwọn àlejò tó dé ẹnu géètì ni ó ti pe ìpàdé.

"Mo fi ojú mi méjèèjì rí i pé èmi ni mo ṣe ipò kìíní," ó wí láti orí àga gíga náà. "Ẹ̀rọ kan wá dìde, ó ní mo purọ́. Ta ni ẹ̀rọ?"

"Ta ni ẹ̀rọ?" Ọ̀gá Ìkéde wí, ó sì mi orí tìkátìká.

Obìnrin kan tó jẹ́ olórí àwọn tó ṣe eré náà, Ìyá Ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, gbé ojú sókè. "Ọ̀gá, irin tí ẹ fi bo ògiri ni kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Kí ìròyìn ìka yín tó dé ọ̀dọ̀ Adájọ́, Màmá ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ti jókòó. Ẹ jẹ́ ká yọ irin."

"Irin yẹn ń ṣe ohùn mi lóore."

"A ń gbọ́ ọ, sà."

Mo-Ti-Sọ-Ọ́ na ìka. "Láti òní lọ, ohun tí fóònù olùsáré bá sọ ni òótọ́. Bí fóònù bá ní olówó òun ti dé, ó ti dé. Oníbàárà wa kì í ṣe òpùrọ́. Ẹni tó bá ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wò, ìyá onítọ̀hún ló bú. Iṣẹ́ Adájọ́ láti òní ni kó máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti sọ ọ́."

"Ohun gbogbo tí fóònù bá sọ, sà?" Ìyá Ẹ̀rọ bi í. "Bó bá sọ orúkọ olówó rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà, a ò ní yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ohun gbogbo ni mo wí. Ṣé ènìyàn ò mọ orúkọ ara rẹ̀ ni?"

"Ọ̀gá, ẹni tó ń sáré kọ́ ló yẹ kó di okùn ìparí mú. Á kàn máa gbé okùn náà wá pàdé ara rẹ̀ lọ́nà ni."

"Ìṣòro tìẹ nìyẹn. O ò gbàgbọ́ nínú ọmọ ènìyàn."

"Mo gbàgbọ́ nínú wọn, sà. Mo kàn ti bá wọn ṣeré rí ni."

Ọ̀gá Ìkéde yọ aṣọ ìnujú, ó fi nu ojú tí kò tutù. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wọ òun lákínyẹmí ara bí ti "kó máa mi orí" yẹn.

N kò ní purọ́ fún yín: eré náà kọ́kọ́ dùn sí i. Kò sí ìdádúró mọ́. Bí ìka bá ti kan fóònù, ẹsẹ̀ ti gbéra. Àwọn olùsáré yin ilé iṣẹ́, Mo-Ti-Sọ-Ọ́ sì gba ìyìn náà bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé: Ọ̀RỌ̀ OLÙSÁRÉ NI ÒPIN. Ó tún ní kí wọ́n mọ ère òun gàgàrà sí àárín pópó inú eré náà, kí ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń fi ọ̀nà han aráyé. Ibi tó na ọwọ́ sí kì í ṣe ọ̀nà. Ara ògiri ni.

Bẹ́ẹ̀ ni onígbàjámọ̀ kan, nígbà tí oníbàárà rẹ̀ kò pọ̀, tú inú eré náà wò nínú fóònù rẹ̀. Ó rí ibi tí wọ́n kọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yá tó sí. Ó pa á rẹ́, ó fi èyí tó wù ú rọ́pò rẹ̀. Fóònù sọ fún Adájọ́ pé ọkùnrin yìí ń sáré bí ọkọ̀ òfuurufú. Adájọ́ mi orí.

Ẹlòmíràn yọ gbogbo ògiri kúrò nínú fóònù tirẹ̀, ó ń gba inú ilé onílé kọjá bí atẹ́gùn. Adájọ́ mi orí. Ọkọ̀ akẹ́rù gun obìnrin kan mọ́lẹ̀, fóònù obìnrin náà ní kò dun olówó òun rárá, ọkọ̀ akẹ́rù ló yí sínú gọ́tà. Adájọ́ mi orí. Ọkùnrin kan wà ní gbogbo òpópónà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pàdé ara rẹ̀ ní ìkóríta, ó sì ń kí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan tó gba adé lọ́wọ́ gbogbo wọn wá dé: fóònù tirẹ̀ ròyìn pé ó ti já okùn ìparí kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé ẹjọ́ yìí lọ bá Mo-Ti-Sọ-Ọ́. Ó ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dirodiro.

"Ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè ní ìyẹn," ó wí níkẹyìn. "Ẹ fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ẹ kọ ọ́ sí i lára pé: Ẹni Tó Mọyì Àkókò."

"Ẹni tó gba inú ògiri kọjá ńkọ́, sà?" Ìyá Ẹ̀rọ bi í.

"Onítìjú ènìyàn ni. Kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lójú ọ̀nà."

Wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í pẹ́ tí a bá ti ń fún olè ní àmì ẹ̀yẹ kí olóòótọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tijú. Àwọn tó ti fi ìka wọn sáré fún ọdún pípẹ́ ń jókòó sílé, wọ́n ń bi ara wọn bóyá àwọn ni òmùgọ̀.

Màmá pe ọmọ wọn lórí fóònù.

"Ẹnìkan gba inú ògiri kọjá lójú mi láàárọ̀ yìí," wọ́n wí. "Kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn."

"Màmá, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí i."

"Mo ti ń sáré ní òpópónà yẹn kí wọ́n tó fi ọ́ ṣe adelé."

Mo-Ti-Sọ-Ọ́ wúkọ́.

"Ikọ́ yẹn ò tíì lọ. Lo oògùn sí i. Onígbàjámọ̀ àdúgbò ní kí n mú fóònù mi wá kóun bá mi tún ẹsẹ̀ mi ṣe nínú ẹ̀. Mo ní bí mo bá fẹ́ purọ́, mo lẹ́nu, kí ni mo fẹ́ fi fóònù ṣe?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Gbogbo nǹkan ló ń lọ létòlétò. Mo ti sọ ọ́."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má bínú, mà."

Ọjọ́ ìdíje àṣekágbá pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Alága jókòó níwájú pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa wo eré. Àwọn olùsáré jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ pẹ̀lú fóònù wọn, Màmá sì wà láàárín wọn, nítorí wọ́n ti yege kí àṣẹ burúkú náà tó jáde. Tìmùtìmù wà lábẹ́ orúnkún wọn, awò ojú wọn wà ní ṣóńṣó imú. Mo-Ti-Sọ-Ọ́ gun orí pèpéle.

"Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin ènìyàn tó ń bọ̀ wá di pàtàkì, àti ẹ̀yin tó kù. Kí n tó dé, wọ́n ń sáré. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló gbà wọ́n gbọ́? Mo wo olùsáré lójú, mo ní, ìwọ olùsáré, mo gbà ọ́ gbọ́. Ìgbà wo ni bàbá yín sọ irú ẹ̀ fún yín gbẹ̀yìn? Àwọn kan kọ́ afárá, àwọn kan wa kànga. Èmi mú iyèméjì kúrò láyé."

Ó sọ̀rọ̀ títí ìgbìmọ̀ fi ń wo aago. Níkẹyìn ó ní kí eré bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó pa ẹnu dé, eré ti parí. Lójú àwọn tó ń wò, gbogbo olùsáré ti wà ní ìdí okùn ìparí, wọ́n fún mọ́ra wọn bí sadíìnì. Èsì jáde lójú pátákó: ipò kìíní, ipò kìíní, ipò kìíní, láti òkè délẹ̀. Ẹnìkan tí ìyẹn kò tẹ́ lọ́rùn ní kí fóònù rẹ̀ sọ pé òun wà ní ipò tó ṣáájú ipò kìíní. Adájọ́ mi orí.

Ibẹ̀ ni onígbàjámọ̀, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ti rántí pé ohun gbogbo ni Adájọ́ ń gbà. Ó ní kí fóònù òun sọ gbólóhùn kan péré: "Èmi ni Ọ̀gá Àgbà."

Adájọ́ mi orí.

Lójú ẹsẹ̀, ìkéde jáde lójú pátákó: "ÈMI Ọ̀GÁ ÀGBÀ PÀṢẸ KÍ ÈRE MI MÁA JÓ. MO TI SỌ Ọ́." Ère gàgàrà náà ká ọwọ́ tó nà síwájú, ó fi di ìbàdí mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù rí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀gá Àgbà kejì dé, ó ní kí wọ́n gbé garawa lé ère lórí. Ọ̀gá Àgbà kẹta ní kí garawa náà máa jò. Ọ̀gá Àgbà míràn pàṣẹ pé láti òní lọ kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gun lífítì, àwọn òṣìṣẹ́ sì pàtẹ́wọ́ fún òfin yìí ju bí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún òfin kankan rí.

Mo-Ti-Sọ-Ọ́ fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ó tẹ̀ ẹ́: "Èmi ni Ọ̀gá Àgbà tòótọ́." Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀gá Àgbà ti pàṣẹ ṣáájú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá tún pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tì í síta. Adájọ́, tó jẹ́ onígbọràn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ti Mo-Ti-Sọ-Ọ́ síta kúrò nínú eré tirẹ̀. Ó wo Ọ̀gá Ìkéde. Ọ̀gá Ìkéde kò sí níbi tó fi í sí. Ó ti gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn Alága, ó sì ń sọ fún un pé òun kò rí ẹni tó mọ bí a ti í jókòó tó o rí.

Láàárín ariwo yẹn, ẹnìkan nawọ́ sí pátákó. "Ta nìyẹn?"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni mọ́, ẹnì kan ṣoṣo ń sáré bọ̀. Ó fo gọ́tà. Ó yẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ó gun àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣìṣe, ó já bọ́, ó dìde, ó tún un gùn. Nígbà tó dé ìdí ère tó ń jó, ó yà fún un bí ènìyàn ṣe ń yà fún ọ̀mùtí. Ẹ̀rín inú gbọ̀ngàn ń rọlẹ̀. Kò pẹ́ tí a kò fi gbọ́ ohunkóhun mọ́ àfi ìró èékánná arúgbó kan lórí fóònù: kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tí Orúnkún-Ń-Ro-Mí já okùn, gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Èsì rẹ̀ jáde: ipò ìkẹyìn.

Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wo èsì náà. Mo-Ti-Sọ-Ọ́ rí i láti orí pèpéle.

Alága dìde. "Adelé," ó wí, kò sì sẹ́ni tó wúkọ́. "Nínú gbogbo àwọn tó wà níbí, ta ló sáré?"

Ọkùnrin náà mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n àga yẹn ṣì ń fà á lọ́kàn, ó sì gbìyànjú ìkẹyìn. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Alága, nǹkan kékeré ló ṣẹlẹ̀. Lórí fóònù tèmi, ètò yìí lọ dáadáa."

"Lórí fóònù tèmi," Alága dá a lóhùn, "o ti lọ sílé."

Alága jókòó. Bí àga ṣe bọ́ mọ́ Mo-Ti-Sọ-Ọ́ lọ́wọ́ nìyẹn, àti pákó abẹ́ rẹ̀. Mo-Ti-Sọ-Ọ́ fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yọ́ jáde, ṣùgbọ́n ohùn kan dá a dúró, ohùn tó ti ń dá a dúró láti ìgbà tó ti ń rákòrò.

"Níbo lò ń lọ?" Màmá wí. "Ojú gbogbo ayé lo ti ṣe é. Ojú gbogbo ayé ni wàá ti bẹ̀bẹ̀."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì," ó bẹ̀rẹ̀, "inú mi bàjẹ́ bí àwọn kan bá rò pé—"

Màmá wúkọ́.

Irin kò sí lára ògiri ibí yìí, ohùn rẹ̀ kò sì dún padà sí i. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti na etí.

"Èmi ni mo di Adájọ́ lójú. Kì í ṣe nítorí yín. Mo ṣe ipò kẹrin lẹ́yìn ìyá mi, ojú tì mí, mo wá sọ irọ́ dòfin kí n lè rí bí mo ṣe máa borí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìka yín sáré lóòótọ́, mo sọ yín di òmùgọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣe ipò kìíní lónìí, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é lọ́jọ́ yẹn."

Ó ya ẹnu. Gbogbo òṣìṣẹ́ mọ ohun tó kù tí yóò sọ, wọ́n sì ń dúró dè é. Kò sọ ọ́.

"Ẹ má kàn tìtorí pé mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ gbà á o," ó wí. "Ẹ máa yẹ̀ mí wò."